Ṣé O Mọ̀ Pé Olè Máa Ń Fi Ọwọ́ Rẹ̀ Sílẹ̀ Kó Tó Lọ?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà tí ariwo fi sọ ládùúgbò wa lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. Olè ti já ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń ta àǹkárá. Kí ìyá náà tó dé, a ti pé bí ogún níbẹ̀. Ọkùnrin kan mú àgádágodo tí wọ́n gé nílẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó nà án sí ẹnìkejì, ẹnìkejì nà án sí mi. Èmi náà yí i wò. Obìnrin kan ti wá ìgbálẹ̀, ó ní ká bá màmá gbá gíláàsì tó fọ́ kúrò kó má baà gún un lẹ́sẹ̀. Àánú ni gbogbo wa fi ṣe é. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní, àgádágodo sì ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí a ò fi lè kà á mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí a ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí mo wá kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kó jọ síbí fún ìwọ tó ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó tàbí ibikíbi tí olè lè wọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé inú ìyá rẹ lo ti gba òǹtẹ̀ ìka rẹ? Àwọn ìlà wínníwínní tó wà lórí ìka máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nígbà tí oyún bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n a sì ti parí kó tó pé oṣù méje. Láti ìgbà náà, ó di ọjọ́ ikú. Ọ̀bẹ lè gé ìka, iná lè jó o. Bí egbò náà kò bá ti jinlẹ̀ jù, ìlà yẹn kan náà ló máa hù padà. Àwa Yorùbá tí a ń bí ìbejì ju gbogbo ayé lọ ló yẹ kí èyí yà lẹ́nu jù. Táíwò àti Kẹ́hìndé tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde lè jọra débi pé ìyá wọn gan-an á máa ṣì wọ́n pè, àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ ìka wọn sórí ìwé: ti Táíwò yàtọ̀, ti Kẹ́hìndé yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè rí iṣẹ́ yìí fúnra rẹ nílé lónìí? Fọ ife gíláàsì kan, nù ún gbẹ. Fi àtàǹpàkò rẹ pa iwájú orí rẹ, kí o wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ife náà. Bu páúdà ọmọ díẹ̀ sórí ojú ibẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ojú gbá a jẹ́jẹ́. Páúdà á kúrò níbi tó gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ibi tí òógùn àti ọ̀rá ara rẹ wà. Fi sẹ́lótéèpù bò ó, ṣí i, lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí dúdú. Wàá rí ìlà rẹ. Ti ẹlòmíràn yípo bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Ti àwọn díẹ̀ rí bí òkè kékeré. Ohun tí ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé tí olè wọ̀ nìyẹn. Ní báyìí, tún òmíràn tẹ̀, gbé ife náà fún ènìyàn mẹ́ta kí wọ́n dì í mú, kí o tó bu páúdà sí i. Ohun tí o bá rí nígbà náà ni mo ṣe sí àgádágodo ìyá aláǹkárá.

Ṣé o mọ̀ pé ìka ló tú àṣírí ìpànìyàn kan láti ọdún 1892? Ní ìlú Necochea ní orílẹ̀-èdè Argentina, wọ́n pa ọmọ méjì sínú ilé. Ìyá wọn ní ọkùnrin aládùúgbò ló ṣe é. Wọ́n fìyà jẹ ọkùnrin náà títí, kò jẹ́wọ́. Ìgbà tí ọlọ́pàá tó mọ ẹ̀kọ́ ìtẹ̀ka tí Juan Vucetich fi ń kọ́ni dé, ara ilẹ̀kùn ló lọ wò, ó sì rí àtàǹpàkò ẹlẹ́jẹ̀. Ti ìyá wọn ni. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1897, wọ́n dá ọ́fíìsì ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní Calcutta ní Íńdíà. Àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń to ìtẹ̀ka jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá wọn, Edward Henry, ló jókòó lé e. London gbà á ní 1901. Bí o bá ti lọ sí Àlàgbọ́n ní Ìkòyí rí láti gba ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí o tó rìnrìn àjò, ẹ̀kọ́ Calcutta yẹn ni wọ́n fi ka ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹni tó wọlé tó jáde láì mú nǹkan lọ, láì fi nǹkan sílẹ̀? Edmond Locard ló kọ́ ayé bẹ́ẹ̀, ẹni tó dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1910. Okùn aṣọ kan, irun kan, iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà, itọ́ ara náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tó mu tó sọ nù: gbogbo rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Olè ṣọ́ọ̀bù màmá náà á gbé tirẹ̀ lọ: erukutu gíláàsì á wà létí ṣòkòtò rẹ̀, òwú àǹkárá á wà lápò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì tí a gbá dànù fún màmá fi jẹ́ ẹ̀rí tí a sọ nù.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ lè tàn lókùnkùn? Oògùn kan wà tó ń jẹ́ luminol. Bí wọ́n bá pa iná tí wọ́n sì fín in sórí símẹ́ńtì tàbí ògiri tí wọ́n ti fi ọṣẹ nù, irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á mú kí ibẹ̀ tàn búlúù fún ìgbà díẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbẹ̀kọ́ kì í tìtorí ìyẹn nìkan mú ènìyàn, nítorí omi bílíìsì tí a fi ń fọ ilé ìwẹ̀ náà lè mú un tàn. Ó ní láti tún ṣe àyẹ̀wò kejì kó tó pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé eṣinṣin ti jẹ́rìí rí? Adájọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, Song Ci, kọ ìwé ìwádìí ikú ní 1247. Ó sọ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n fi dòjé ṣá pa. Wọ́n ní kí gbogbo ará abúlé kó dòjé wọn wá, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú oòrùn. Gbogbo dòjé ló mọ́ lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n orí ẹyọ kan ṣoṣo ni eṣinṣin bà lé. Ẹni tó ni ín jẹ́wọ́. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń wo bí ìdin ara òkú ṣe dàgbà tó, wọ́n á fi mọ ọjọ́ tí ẹni náà kú.

Ṣé o mọ̀ pé egungun máa ń rántí ilẹ̀ tó bọ́ ọ? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kékeré kan, láìsí orí, láìsí apá àti ẹsẹ̀, nínú odò Thames ní London. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ni ọlọ́pàá bá sọ ọ́ ní Adam. Àwọn onímọ̀ wo egungun rẹ̀, wọ́n rí èròjà tó ń ti inú iyẹ̀pẹ̀ wọ inú oúnjẹ, tó ń ti inú oúnjẹ wọ inú egungun. Wọ́n fi wé ilẹ̀ oríṣiríṣi láyé, títí ó fi kù sí agbègbè kan: láti Ìbàdàn lọ sí ìlú Benin. Ilé wa níbí. Wọ́n tún rí ẹ̀wà olóró Calabar nínú ìfun rẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi fún ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní orí tí a lè fi dá a mọ̀ ti fi egungun rẹ̀ sọ ibi tó ti wá, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣé o mọ̀ pé Ìkòtún níbí ni irú iṣẹ́ dídá òkú mọ̀ yẹn ti wáyé lọ́nà tó gbòòrò? Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò alájà mẹ́fà wó nínú ọgbà ìjọ Synagogue Church of All Nations. Ènìyàn 116 kú. Ó lé ní 80 nínú wọn tó gba ìwé ìrìnnà South Africa wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa, àgbà oníṣègùn tó ń ṣàyẹ̀wò òkú fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ló darí iṣẹ́ náà. Nínú ooru Èkó, lábẹ́ kọnkéré, fífojú dá òkú mọ̀ lè ṣini lọ́nà, ìdílé kan sì lè gbé òkú ìdílé mìíràn lọ sin. Nítorí náà, wọ́n gba àpẹẹrẹ lára àwọn òkú, wọ́n kó o lọ sí yàrá àyẹ̀wò Yunifásítì Stellenbosch ní South Africa, kí wọ́n lè fi wé ti àwọn ẹbí. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ni òkú 74 àkọ́kọ́ tó padà délé wọn. Oṣù méjì gbáko ni àwọn ìyá kan fi dúró.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè kejì tún wà, pé kí ló wó ilé náà? Wọ́n ti rí ọkọ̀ òfuurufú tó fò kọjá lókè ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn baba wa ní, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Ṣùgbọ́n ìwádìí ìjìnlẹ̀ kì í dúró lórí igbe àjẹ́, á tún òkú ọmọ náà wò. Oyetade Komolafe, kọ́rónà tó ń wádìí ohun tó fa ikú, jókòó, ó gbọ́ ẹ̀rí àwọn ẹnjiníà tó yẹ ìpìlẹ̀ àti òpó ilé náà wò. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2015, ó ní kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú: àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe yàwòrán ilé náà àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló wó o, ilé náà kò sì ní ìwé àṣẹ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni àkọ́kọ́ tí DNA ràn lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn kì í ṣe ọlọ́pàá, aláìṣẹ̀ ni? Alec Jeffreys ló ṣàwárí ọ̀nà náà ní Yunifásítì Leicester ní 1984. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọlọ́pàá mú ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan fún ikú ọmọbìnrin kan nítòsí ibẹ̀. Ọmọ náà ti jẹ́wọ́. DNA ní kì í ṣe ọmọ náà ló ṣe é. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Colin Pitchfork, ẹni tó ti bẹ ẹlòmíràn pé kó lọ gbẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ òun. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n gbére ní 1988. Lónìí, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré ti tó. Ẹ̀rọ wà tó ń sọ ẹyọ DNA kan di méjì, tó ń sọ méjì di mẹ́rin. Bó bá ṣe é nígbà ọgbọ̀n, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan.

Ṣé o mọ̀ pé Èkó ti ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ rí? Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já lu Ijù-Ìṣàgá, tí kò jìnnà sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, Alímọ̀ṣọ́, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, tí gbogbo ènìyàn 153 inú rẹ̀ kú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó àpẹẹrẹ DNA lọ. Ìtìjú àti ìnáwó yẹn wà lára ohun tó mú kí ìpínlẹ̀ ṣí ilé àyẹ̀wò DNA sí Erékùṣù Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà ìjọba Akinwunmi Ambode. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú rògbòdìyàn oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò, tó ti ní ẹ̀rí rẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni yóò fi rojọ́? Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìjọba ti ní àwọn yóò tún un kọ́. Kí ẹwà náà tètè dé.

Ṣé o mọ̀ pé èéfín tó ń pa ènìyàn láìsí ariwo lè wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ? Ìdílé kan sùn, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní kọ́rídọ̀, wọn ò jí. Àdúgbò á ní ayé ló pa wọ́n, wọ́n á sì máa wo ìyá àgbà kan kọ̀rọ̀. Oníṣègùn tó ń ṣàyẹ̀wò òkú á la inú wọn, á rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn pọ́n rẹ́sú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí èéfín náà ti gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ jókòó sí nínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo lè gba ìyá àgbà lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù rẹ ní orúkọ tí olè kò lè fi síìmù tuntun pa rẹ́? Tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jáde. Kọ ọ́ sínú ìwé nílé. Bí olè bá fi síìmù mìíràn sí fóònù náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣì ń rí nọ́ńbà yẹn. Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ló ti máa fọn ọ́n? Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn ọ̀rẹ́ orí Facebook tan ọmọbìnrin oníṣòwò kan wá sí òtẹ́ẹ̀lì ní Festac, wọ́n pa á. Kámẹ́rà òtẹ́ẹ̀lì àti ìpè orí fóònù wà lára ohun tó fa àwọn afurasí jáde, adájọ́ sì dá ẹjọ́ ikú fún méjì nínú wọn ní 2017. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló sọ ohun tí ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kí adájọ́ tó gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ọmọláńgidi ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà kan níṣẹ́? Ní àwọn ọdún 1940, obìnrin kan, Frances Glessner Lee, kọ́ àwọn yàrá kéékèèké tí ikú ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ fèrèsé, ìkòkò, kàlẹ́ńdà ara ògiri àti òkú ọmọláńgidi. Á fún ọlọ́pàá ní tọ́ọ̀ṣì àti díńgí tó ń sọ kékeré di ńlá, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 90, pé kó sọ ohun tó rí. Méjìdínlógún ṣì wà ní Baltimore, wọ́n ṣì ń fi kọ́ni. Nàìjíríà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀ ní Enugu. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́ yàrá kan bí ti Ẹ̀gbẹ́dá síbẹ̀, pẹ̀lú gáàsì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, garawa omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn àti jẹnẹrétọ̀ ní kọ́rídọ̀, nítorí irú ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé kò ṣòro: kó ọwọ́ sẹ́yìn, fi ojú rìn yí ilé ká, ya fọ́tò kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgba kò sí lára irinṣẹ́ ìwádìí? Ní 1991, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dá ọkùnrin mẹ́fà sílẹ̀ tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́wọ̀n lórí bọ́ǹbù tó bú ní ìlú Birmingham. Wọ́n ti na àwọn kan nínú wọn kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló bí ẹ̀kọ́ tuntun: jẹ́ kí afurasí ròyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀, má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí o wá fi ẹ̀rí wé e. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2007 náà ti là á sílẹ̀ pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Ẹni tí ìyà mú jẹ́wọ́ ti gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹni tó ṣe é gan-an sì ń jẹun lọ́jà.

Ṣé o mọ̀ pé náílọ́ọ̀nù lè ba ẹ̀rí jẹ́? Bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò, má jẹ́ kó wẹ̀, má fọ aṣọ rẹ̀. Fi aṣọ náà sínú àpò bébà, má fi sí náílọ́ọ̀nù, nítorí ọ̀rinrin inú náílọ́ọ̀nù á mú kó bu, DNA á sì bàjẹ́. Mú un dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí ẹ̀rí àti nítorí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV. Ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Mirabel Centre, tí wọ́n ṣí ní 2013 fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rí dà bíi káàdì alájọ? Ojoojúmọ́ ni alájọ ń fàmì sí i. Ọjọ́ tí àmì kan bá dín ni ìjà dé. Gbogbo ọwọ́ tí ẹ̀rí gbà kọjá, láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú adájọ́, gbọ́dọ̀ fi orúkọ, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá sọ nù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á béèrè ẹni tó mú un lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ sì lè parí síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bí ọlọ́pàá bá ní kí onílé wá tẹka, kì í ṣe pé ó fura sí i? Ọwọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀, kó lè yọ ọ́ kúrò, kí èyí tó ṣẹ́kù lè di ti àlejò. Ká ní a ti pe 112 tàbí 767 láàárọ̀ ọjọ́ náà, ká fi àga dí ẹnu ọ̀nà, ká sì dúró, ìka màmá nìkan ni wọn ìbá yọ kúrò lára àgádágodo. Ọwọ́ tó bá ṣẹ́kù, ti olè ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí wọ́n bá tún wá wò ó, ìka tèmi ni wọ́n máa rí.